Bí Àwa Nọ́ọ̀sì Ṣe La Onígbáméjì Já Lójú Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n

Ọmọ ọmọ mi kan tó ń múra àtilọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bi mí léèrè láìpẹ́ yìí pé, "Màmá àgbà, ṣé ẹ rò pé kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì?" Mo ní kó fa àga kó jókòó. Ó ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun máa gbọ́, kóun sì máa bá tòun lọ. Àmọ́ ìbéèrè tí èèyàn fi odindi ọjọ́ ayé rẹ̀ dáhùn, a kì í fi gbólóhùn kan yanjú rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni mo ní kí n sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa fọwọ́ mú. Ọmọge ni mí nígbà tí mo wọ aṣọ funfun. Irun orí mi ti funfun ju aṣọ náà lọ kí n tó bọ́ ọ. Ara mi dá, ọkàn mi balẹ̀, mo sì lè jókòó ròyìn ohun tí ojú mi rí.

Ìpótì-Èkìtì ni wọ́n ti bí mi. Àgbẹ̀ oníkòkó ni bàbá mi, ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì ti tọ́ wa dàgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá tó bí bàbá mi ní egbò kan lẹ́sẹ̀ tí kò fẹ́ jinná. Egbò náà ń rùn débi pé àwa ọmọ kì í fẹ́ gbé oúnjẹ wọ yàrá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé e wọlé, mo fi ìka dí imú. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá àgbà lé itan ara rẹ̀, ó ń bá a tàkúrọ̀sọ bí ẹni tó ń dirun fún ọ̀rẹ́. Ìyá àgbà tó ti ń sunkún láti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rọra yọ ìka kúrò nímú. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ dà, ìdáhùn mi kò yí padà.

Bí mo ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kò ní àrà nínú: mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo kàwé, mo jáde. Owó oṣù náà, ó ń wọlé, ó ń jáde. Ọmọ jẹ, ọmọ yó, ó tán níbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé mi lọ ló ṣe pàtàkì. Oǹdó ni ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ nígbà náà, Àkúrẹ́ la sì ti ń retí ohun gbogbo, àtoògùn àtàṣẹ. Láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú kan lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Àwọn tí mo tọ́jú àti àwọn ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀, a kì í sì í fi àìsàn júwe ilé onílé.

Mátíròn Ajíbóyè ni olórí wa níbẹ̀. Ọmọ Ìjerò ni, obìnrin gíga, tínrín, tí kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ tún máa ń lọ sílẹ̀ sí i, ìgbà yẹn gan-an sì la máa ń sáré ṣe ohun tó bá wí. Èmi àti Bọ́sẹ̀dé la jọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìdó-Ilé ni Bọ́sẹ̀dé, ẹlẹ́rìn-ín ni, ó sì lè bá ògiri jiyàn. Ìwé la kà nílé-ẹ̀kọ́, ọwọ́ Mátíròn la ti kọ́ṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì títẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tẹ́ ẹ tán, á fi ìka kan tọ́ etí aṣọ náà. Bó bá rí ibi tó rún, á fa gbogbo rẹ̀ tu, á ní, "Ẹni tó máa sùn síbẹ̀ kò lè dìde tún un ṣe." Á sì kọjá lọ. Nígbà mìíràn, èmi àti bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo náà la máa wà níbẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán á fi tutù.

Ọjọ́ kan wà tí mo lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì Ọláyẹmí, ta lo fẹ́ lọ gún?"

Mo ní, "Ẹni tí ibà ń ṣe, mà, tó wà lẹ́bàá fèrèsé."

"Ṣé fèrèsé ni bàbá rẹ̀? Kí lorúkọ rẹ̀?"

"N kò tíì mọ̀ ọ́n, mà."

"Lọ bi í. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, kí o padà wá gbabẹ́rẹ́."

Mo lọ, mo bi í, mo padà wá. Ojú tì mí, àmọ́ n kò tún pe aláìsàn kankan ní orúkọ àìsàn rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mìíràn, Mátíròn ní kí èmi fúnra mi lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí Bọ́sẹ̀dé sì máa fi ṣíbí fún mi ní ògì. Bọ́sẹ̀dé yára jù, ògì náà ṣàn wọ ọrùn mi. Mátíròn ní kí a yípadà. Èmi náà yára jù. Ó ní, "Ẹ ti mọ bó ṣe ń rí kí ṣíbí ẹni wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ má gbàgbé rẹ̀." Ó dùn wá lọ́jọ́ náà. A lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ́únjẹ lọ bú u díẹ̀, a sì padà síṣẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́, torí ẹ̀yin òde òní lè rò pé bí nǹkan ṣe wà báyìí ló ti ń wà. Gíláàsì ni sírínjì wa. Bí a bá lò ó tán, a máa fọ̀ ọ́, a máa sè é lórí sítóòfù títí omi rẹ̀ á fi hó dáadáa, a sì tún máa lò ó fún ẹlòmíì. Abẹ́rẹ́ tó bá ti kú, òkúta la fi ń pọ́n ọn. Omi tí a ń fà sí aláìsàn lára, inú ìgò ni, ó wúwo, bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ, ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tó yá ni sírínjì onírọ́bà dé, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń sọ nù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ní kí n sọ ọ̀kan nù, ọwọ́ mi kò lọ; mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Omi inú ìgò náà di omi inú ọ̀rá. Gbogbo rẹ̀ dára, ó sì dín ìṣòro kù. Àmọ́ nínú ìjà tó le jù tí mo jà rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kọ́ọ̀bù àti ṣíbí ni ohun ìjà wa.

Mo ti lo ọdún bíi mélòó kan níbẹ̀, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, kí ọdún kan tó dé tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an. Odò tí ìlú ń pọn gbẹ títí ó fi ku kòtò omi bíi mélòó kan láàárín òkúta. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó gbá gbogbo ìdọ̀tí orí òkè wá sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn tí òùngbẹ ti gbẹ sì ń yọ̀ pé omi ti dé, wọ́n ń pọn ọ́n mu.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá ni àgbẹ̀ kan. Láti oko ni wọ́n ti gbé e wá lórí kẹ̀kẹ́, àbúrò rẹ̀ ń dì í mú kó má bàa ṣubú. Ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ hunjọ bí ti ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀, ohun tó ń yà kò yàtọ̀ sí omi ìrẹsì. Mátíròn wò ó, ó wo garawa abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Onígbáméjì ni." A fa omi sí i lára lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Kí a tó gbé òkú rẹ̀ kúrò, wọ́n ti gbé ẹlòmíì dé.

Mátíròn kó gbogbo àwa òṣìṣẹ́ jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ lọ ulé rẹ̀, kó lọ ní báyìí. N kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá dúró, kó mọ̀ pé ó ti dúró nìyẹn." Kò sẹ́ni tó yẹsẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ní, "Mà, bí a bá lọ, àwọn aláìsàn máa tẹ̀lé wa délé náà ni." A rẹ́rìn-ín, a sì wọṣẹ́.

Tíṣà ni ọkọ mi. A kó àwọn ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìpótì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, ó wá láti Arámọkọ. Òun àti ọkọ mi bá mi lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, wọn kò sún mọ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìwọ nìkan kọ́ ni nọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀ yìí. O ní ọmọ. Wá máa bọ̀ nílé."

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo ní, "Ẹ má bínú, bùọ̀dá mi. Àwọn tó wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn náà lọ́mọ."

Ó kọjú sí ọkọ mi pé kó bá mi sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní, "Bùọ̀dá, bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé wá síbẹ̀ ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sì padà sí Arámọkọ. Láti ìgbà náà, ọkọ mi ni ń gbé oúnjẹ wá, á gbé e sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, á sún sẹ́yìn, á dúró wò mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ìlú ń sá fún wa. N kò dá wọn lẹ́bi. Ohun tó ń pa èèyàn lójú ẹni, kò sẹ́ni tí kì í bẹ̀rù rẹ̀. Bí a bá lọ ra ata, wọ́n á dà á sílẹ̀ fún wa, wọ́n á sì kúrò nídìí igbá títí a ó fi kọjá. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan wà ní àdúgbò tí kò sá. Òun ló gbẹ́ ihò sáàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì pákó fún wa, tí a fi lè gbé garawa sábẹ́ wọn, tí aláìsàn tí kò lágbára kò fi ní láti máa dìde. Àwa náà ń fọ ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà, à ń fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi bó.

Ohun tó wá fẹ́ bà wá lẹ́rù jù ni pé omi inú ìgò ń tán lọ. Mọ́tò tó ń kó òmíràn bọ̀ láti Àkúrẹ́ há sínú ẹrẹ̀ lọ́nà, òjò kò sì jẹ́ kí wọ́n rí i fà. Dókítà tó ń bójú tó wa wà ní àwọn ìlú mìíràn tí àrùn náà ti ń jà. Ẹnì kan ni, ìlú pọ̀. Mátíròn wo ìgò tó kù, ó ní, "Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì nìkan la máa fa omi sí lára. Gbogbo àwọn yòókù, ẹnu la máa gbà fún wọn. Omi tí a ti sè, iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa, iyọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀." A gbé ìkòkò ńlá kaná. Àmọ́ ṣúgà ilé ìwòsàn kò lè tó.

Ìyá Sùlíyà ló gbà wá. Ọmọ Ìkirè ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ta ìyẹ̀fun, ṣúgà àti mílíìkì nílùú náà. Ó gbọ́ ohun tí a ń wá, ó sì fi ọmọlanke ti ṣúgà alápò wá, ó tì í wọnú géètì láìdúró níbi tí àwọn èèyàn ń dúró sí. Mátíròn ní, "Ìyá Sùlíyà, ẹ ṣé o. A ó máa ṣètò bí a ṣe máa..." Ìyá Sùlíyà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mátíròn, ẹ gbà á. Ṣé kí èmi máa jókòó ti ṣúgà, kí àwọn oníbàárà mi máa kú? Ọlọ́run á bá wa fòpin sí i." Ó da ìborùn rẹ̀ bo orí dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá di ọjọ́ tí ìgò kan ṣoṣo kù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí Bọ́sẹ̀dé tó fi ọwọ́ ti ògiri. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bì. A gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì pẹ́ rárá tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí iṣan ń fà á lẹ́sẹ̀, tó ń pariwo. Ní òdìkejì rẹ̀ ni aláboyún kan tó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ wà. Kò lè lajú mọ́, bí a bá da omi sí i lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló ń gbà jáde.

Mátíròn dúró láàárín àwọn méjèèjì, ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí kó dúró lójú kan bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mà, ìgò tó kù nìyẹn?"

"Òun ló kù."

"Ẹ fún Fúnmiláyọ̀. Èmi ṣì ń gbé nǹkan mì."

Mátíròn ní, "Bọ́sẹ̀dé, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyàn o."

"Mo mọ̀, mà. N kò jiyàn. Ẹ fún un."

Mátíròn gbé ìgò náà kọ́ sórí Fúnmiláyọ̀. Ó wá iṣan rẹ̀ títí ó fi rí i. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Ọláyẹmí, ìwọ ni ìgò Bọ́sẹ̀dé. Má ṣe ohun mìíràn lónìí. Ṣíbí kan, kí o dúró. Ṣíbí kan, kí o dúró. Bó bá bì í, jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi, bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Mo fún un, ó bì í. Mo dúró, mo tún fún un. Ó ní iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó. Mo ní kó mu ún bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ń yí lọ sókè, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Ẹ̀rù tó bà mí kò ṣeé ròyìn. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ kí n tó gbé ṣíbí kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́nu, mo sì ń wo ọ̀fun rẹ̀ bóyá ó máa mì. Ó ń mì. Mo ń sọ fún ara mi pé, bó bá ṣì ń mì, a ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi kú, mo fi òsì gba ṣíbí. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi, torí kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lọ sẹ́yìn òkè, Bọ́sẹ̀dé lajú. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí dáadáa. Ó ní, "Mo fẹ́ tọ̀."

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ẹni tí onígbáméjì bá ti gbẹ kì í tọ̀. Kò sí omi tí ara máa tú jáde. Bí ìtọ̀ bá ti dé, omi ti padà sára, ikú ti sún sẹ́yìn. Mo sáré gbé póò sábẹ́ rẹ̀. Ìtọ̀ náà kò ju díẹ̀ lọ, ó sì pọ́n. Mátíròn gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó ní, "Ó dára." Ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà ń sunkún.

Bọ́sẹ̀dé ní, "Ṣé nítorí ìtọ̀ lẹ ṣe ń sunkún?" Ẹ̀rín àti ẹkún pàdé lójú wa. Àwọn aláìsàn tó lè rẹ́rìn-ín bá wa rẹ́rìn-ín.

Mọ́tò Àkúrẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ kùn ún títí dé òrùlé. Fúnmiláyọ̀ náà yè é. Àwọn wolé-wolé wá, wọ́n da oògùn sínú àwọn kànga, wọ́n ní kí gbogbo ilé máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tí à ń dá padà sílé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń gbé wá lọ. A sin àwọn kan, n kò ní parọ́, mo ṣì máa ń rántí orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ṣílẹ̀kùn a bá iṣu tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, pẹ̀lú epo àti àgbàdo tútù. Bàbá àgbàlagbà kan ṣì dúró ti èyí tó gbé wá. Ó ní, "Uṣu yìí kò tó nǹkan, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ohun tó lè tó o." Ó gba ọwọ́ Mátíròn, ó dì í mú. Òun lẹni àkọ́kọ́ nínú ìlú tó fọwọ́ kàn wá láti ìgbà tí àrùn náà ti bẹ́ sílẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ṣe é ní Ìjerò, mo ṣe é ní Arámọkọ, mo di Mátíròn fúnra mi, mo sì tu bẹ́ẹ̀dì àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké títí wọ́n fi bú mi lẹ́yìn. Mo gbẹ̀bí ọmọ tí n kò lè kà. Mátíròn Ajíbóyè ti sinmi nínú Olúwa. Bọ́sẹ̀dé ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé Arámọkọ, ó ń jiyàn lọ ràì. Nígbà tí kòrónà dé láìpẹ́ yìí, tí mo rí àwọn nọ́ọ̀sì òde òní tí wọ́n fi aṣọ bo imú bo ẹnu, tí wọn kò lè délé, ilé ni mo wà, àmọ́ mo mọ bó ṣe ń rẹ̀ wọ́n lápá.

Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú yín bá ní kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, n kò ní sọ ti ọjọ́ tí wọ́n fi mí jẹ Mátíròn. Ọjọ́ tí Mátíròn Ajíbóyè ní kí n lọ sílé lẹ́yìn onígbáméjì ni mo máa sọ. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo rìn gba àárín ìlú kọjá, àwọn èèyàn ń kí mi láti ẹnu ọ̀nà wọn, kò sẹ́ni tó wọlé. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti lọ kó àwọn ọmọ dé láti Ìpótì. Àbíkẹ́yìn wa dúró sí kọ̀rọ̀, ó ń wò mí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ mi.

Ó ní, "Màámi, ṣé a lè fọwọ́ kàn yín báyìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Máa bọ̀."

Ó rìn wá, ó gun itan mi, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tì mí. Ó ti wúwo sí i. Mo fẹ́ bi í léèrè ohun tó jẹ lọ́dọ̀ ìyá mi, àmọ́ oorun ti gbé mi lọ lórí ìjókòó. Nígbà tí mo jí, ọmọ náà ti sùn sí mi láyà, ọkọ mi ti se ọbẹ̀ jinná. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sáré bọ̀ wá pè mí.